Ìbéèrè Tí Mò Ń Bi Àwọn Ìyá Ìkókó

Ọ̀fíntótó ni mí láti kékeré. Ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi dùn nígbà tí dókítà kó ìwé ìbéèrè kan lé mi lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Okumagba Layout, ní ìlú Wàrì. Ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà ní Wàrì ṣì gbóná nígbà náà. Dókítà ní kí n máa bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bóyá ìbẹ̀rù ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ṣé wọ́n ń lálàá rẹ̀? Ṣé àyà wọn ń já?

Ẹ gbà mí o! Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wá, “A dúpẹ́, nọ́ọ̀sì” ni. Ta ni yóò gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, tí yóò tún máa sọ̀rọ̀ burúkú? Mo kọ “rárá” títí ó fi sú mi.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wá láti Deco Road pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti Ọ̀yọ́ wá bá a wẹ ọmọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ló bímọ sí, torí ìbọn ń dún lójú títì, wọn ò lè jáde. Mo bi í léèrè ní Yorùbá. Màmá gbà á sọ.

“A dúpẹ́! Ó bí tibi-tire, kí la tún ń fẹ́?”

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn mi gbá gbàà. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ọmọ. Háà, kí nìyẹn? Mo wò ó, mo rò ó. Pidgin làwa tí wọ́n tọ́ ní Wàrì, èmi àti òun, fi ń tú inú wa síta, Màmá ò sì gbọ́ ọ.

“My sister, how body?”

Omijé dà lójú rẹ̀. “Aunty, I no well o.” Ó ní tí ọmọ bá ké, ìbọn lòun ń gbọ́. Òun ò lè fún un lọ́yàn mọ́. Tó bá ń lọ báyìí, òun á fi ọmọ sílẹ̀, òun á sá lọ.

Ẹ̀rù bà mí gidi. “Make I tell Mama?” Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá ní Yorùbá, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Màmá wo ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ó máa ń wọ bàtà sùn ni látọjọ́ tí mo ti dé,” ló wá wí. “Mo ṣe bí ọmọ mi ló fẹ́ kọ̀ sílẹ̀ ni. Mo bá kó gbogbo bàtà rẹ̀ pamọ́.”

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ọmọbìnrin náà fi wá. Màmá bọ́ bàtà tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi. Dókítà dà?”