Ọmọ Bàbá Aláago Láàárín Ìràwọ̀

Bàbá Aláago kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ má sì dá a lẹ́bi. Àjèjì ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, bó bá ti lanu báyìí, wọ́n á máa sín in jẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ó fara balẹ̀ kọ́ èdè wọn títí tó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ti tirẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ìsọ̀ kékeré kan ló gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀, ó so awò mọ́ ojú kan, ó ń tún aago ṣe lábẹ́ iná tábìlì.

Ó fẹ́ ọmọ àdúgbò, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, imú bàbá, ẹnu ìyá. Bàbá pinnu pé ọmọ òun ò ní gbọ́ èdè tí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Ìyàwó rẹ̀ bá a jà, ó ní ẹni tó fi ilé bàbá ọmọ pamọ́ fọ́mọ, ibo ló fẹ́ kọ́mọ ọ̀hún sùn? Etí ikún ló kọ sí i.

Ọmọ náà di òṣèré. Ìránṣẹ́ ló máa ń ṣe lónìí, nọ́ọ̀sì lọ́la, títí wọ́n fi fún un ní odidi apá kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan, nípa àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kiri àárín ìràwọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó máa jáde, onígbàjámọ̀ pa abẹ tì, torí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n ńlá. Èrò kún ìsọ̀ dẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Aláago jókòó níwájú, ó dé fìlà tuntun. Eré ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti ń wú.

Nínú eré náà, ará ayé ni ìyá ọmọbìnrin tó ń ṣe, ará ìràwọ̀ ni bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì pè é, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ọmọ ilé méjì, kó mú ọ̀kan, kó ju ìkejì nù. Ọmọ dìde, ó kọjú sí àwọn ará ìràwọ̀, ó fi èdè wọn dá wọn lóhùn.

Bàbá Aláago na ọrùn sí tẹlifíṣọ̀n. Èdè ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n kùn lójú ní àwọ̀ ewé. Ta ló kọ́ ọ? Aago nìkan lòun máa ń sọ ọ́ fún, bóun bá tú u palẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àṣé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ iléèwé lábẹ́ tábìlì ń gbọ́. Etí ọmọdé ò ní ìlẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ nu ojú, ó ní àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n yìí mà gbọ́n o, ẹ wo irú èdè tí wọ́n jókòó hun fún ará ìràwọ̀. Gbogbo ìsọ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Bí Bàbá Aláago bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún sín in jẹ. Ó wo ojú aláwọ̀ ewé yẹn. Imú òun ló wà láàárín rẹ̀ gbáko. Ó dìde.

"Kò sẹ́ni tó hun ún," ó ní. "Èdè mi ni."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí i. Òun gan-an ni olórí àwọn asínnijẹ láyé ọjọ́un, kò sì tíì gbàgbé. Ó rọra bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lọmọ wá sọ?"

Bàbá Aláago kọ́kọ́ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé rẹ̀, kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí ìkankan nínú yín sọnù."

Fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ ni. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ò bínú pé mo gbé èdè yín síta?" Gbogbo ìsọ̀ ń wo ẹnu Bàbá Aláago. Ó fi èdè ilé rẹ̀ pè é ní ọmọ òun, lójú gbogbo wọn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.