Obìnrin Tó Kó Ilé Ìwòsàn Lọ Sílé Tuntun

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló sọ ọ́ ní Ìyá Ètò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ gan-an ń fi pè é nílé. Nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí ilé tuntun parí, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kó àwọn aláìsàn kúrò nínú èyí àtijọ́ tó ń jò, òun ni ọ̀gá àgbà nawọ́ sí.

Irú iṣẹ́ yìí ti dojú rú mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ rí, torí gbogbo èèyàn ló ń pàṣẹ, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Ìyá Ètò yan ẹnì kan ṣoṣo sídìí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àràárọ̀ ló ń kó àwọn olórí ẹ̀ka jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ìdúró, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àga tí yóò fi sọ ìtàn gígùn.

Ó kìlọ̀ fún wọn pé, "Ìròyìn burúkú tó bá tètè dé, a ó rí ọgbọ́n ta sí i. Èyí tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ ló máa pa wá lára."

Ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà dánra wò. Wọ́n tẹ́ awakọ̀ kan tó sanra dáadáa sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń tì í káàkiri ọ̀nà. Kí wọ́n tó padà dé, baba ti ń hanrun.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kó, oníná wá sípàdé, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, lífítì tó ń gbé èèyàn gòkè nílé tuntun ń dúró lójijì. Mo ti ṣe é, àmọ́ kò tíì dá mi lójú."



"O ṣeun tó o sọ ọ́," ni Ìyá Ètò wí. "Kí lo fẹ́?"

"Kẹ́ ẹ fún mi láyè títí òpin ọ̀sẹ̀, mà."

Ìyá Ètò gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ tààrà, ó ní kí wọ́n sún ìkólọ náà síwájú. Inú ọ̀gá kò dùn.

"Mo ti pe àwọn èèyàn ńlá wá wò ó lọ́la. Ojú á tì mí."

"Ojú tó tì wá lọ́la ṣì máa là, ọ̀gá. Bí arúgbó kan bá há sínú lífítì, kí la fẹ́ sọ fáwọn ọmọ rẹ̀?"

Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká kó àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ́la, ìsàlẹ̀ ni yàrá wọn wà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á dúró dìgbà tí oníná bá ní ó yá. Àwọn àlejò yín á rí nǹkan wò."

Ọ̀gá gbà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ bí àwọn aláìsàn ṣe ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó sì di òpin ọ̀sẹ̀, oníná gun lífítì lọ, ó gùn ún bọ̀, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ló bá ní ó yá.

Wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan gòkè, ó lajú, ó wò yíká.

"Ìgbà wo la fẹ́ gbéra gan-an?"

"Ẹ ti débẹ̀, bàbá," ni Ìyá Ètò fèsì. Ó tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá sídìí bẹ́ẹ̀dì tó kàn.