Àlùwàlá Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Bíà

Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà ni mo pe ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan fún obìnrin kan tó yà síbi àtẹ mi ní Fìdítì, kò sì ná an rárá. Ẹni tí kò nájà, nǹkan mìíràn ló ń wá. Kẹ́ẹ̀gì ẹ̀yìn mi ló ń wò: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bíà tí mo ń rà lọ́wọ́ awakọ̀ kan tó ń kó o wá láti ilé iṣẹ́ ọtí, tí mo ń tà fún àwọn aládìyẹ.

Tíṣà yunifásítì ni. Ó ní yíìsì, ìyẹn ìwúkàrà, ló kún inú rẹ̀, pé èèpo ara yíìsì náà lòun fẹ́ yọ, nítorí ó máa ń jí àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà nínú ara òròmọdìyẹ.

Mo ní, "Sójà tí èmi mọ̀, tó bá ti mu bíà, oorun ló ń sùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ra kẹ́ẹ̀gì kan. Nígbà tó padà dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ó ti korò jù, bí ewúro. Ẹ bá mi wá mẹ́jọ mìíràn. Bí ìyẹn náà bá korò, Ìlọrà ni n óò ti máa rà."

Mo kó mẹ́jọ délé. Ọkọ mi fi ọwọ́ dí imú.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o fẹ́ sọ ilé mi di ilé ọtí ni?"

"Àlàájì, ẹ fara balẹ̀. N óò ṣe àlùwàlá fún un."

Mo bu omi sí i, mo jẹ́ kó tòrò bí ògì, mo da omi orí rẹ̀ nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko. Òórùn lọ, àmọ́ àyà mi wá já: bí mo bá ti fọ àwọn sójà náà dànù ńkọ́?

Tíṣà dé, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ẹ má bínú," ni mo sáré wí. "Ọkọ mi ni ò fẹ́ òórùn ọtí. Omi lásán ni mo fi fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́? Màmá, odindi ọjọ́ kan la fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn! Ìkorò ló bá omi lọ. Ohun tí à ń wá wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí."

Ó kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àlàájì ní àdúrà òun ló gbà. Mo ní kó wá bá mi san owó omi. Lẹ́yìn tí mo yọ owó awakọ̀, èrè mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti igba náírà.