Ọ̀pẹ Àgàn Ìyá Sọ̀fíyàt

Tí ẹ bá ní kí n dárúkọ ẹni tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ní gbogbo Ejinrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo máa dárúkọ. Wàsílátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Sọ̀fíyàt là ń pè é. Ọmọ Ọ̀ṣun ni. Ìgbògbò ló kọ́kọ́ háyà yàrá sí, ó ń ta gàrí fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú, kí ọkọ rẹ̀ tó mú un wá sí Ejinrin, tó sì kú, tó fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀ fún un. Epo ló ń ṣe láti ìgbà náà. Ẹnu rẹ̀ mú, etí rẹ̀ sì tún mú jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò fi tíì kúrò lára mi.

Àwọn ọ̀pẹ oko náà ti darúgbó. Èèpo èkùrọ́ wọn nípọn, ẹran ara ẹyìn wọn kò tó nǹkan, epo ibẹ̀ kò sì lè múnú ẹnikẹ́ni dùn. Ohun tí Ìyá Sọ̀fíyàt ń wá kò ju ọmọ ọ̀pẹ àgíríìkì tó dájú lọ, irú tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Ó ti hú èyí tó hù lábẹ́ ọ̀pẹ àgíríìkì aládùúgbò gbìn rí, àwọn yẹn já a kulẹ̀.

Ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní àgàn. Ó ga, imọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n bó bá so, ẹyìn rẹ̀ á ti rà dànù kó tó pọ́n. A bú igi yẹn títí ó sú wa.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláwùmí wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ. Abraham, akọ̀pẹ tó ń bá wa gun ọ̀pẹ, bá a gun gbogbo wọn, ó sì já ewé àti ẹyìn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọláwùmí ṣèlérí pé bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn wúlò fún àwọn, àwọn á fún Ìyá ní ọmọ ọ̀pẹ gidi tó máa kún oko rẹ̀. Ìyá ò sùn dáadáa mọ́. Èyí tó ń so jù lẹ́bàá ọ̀nà ló fọkàn sí.

Ìgbà tí ìpè Fọláwùmí dé, etí ọ̀sà ló sáré lọ dúró sí, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Màmá, èsì ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú akọ ọ̀pẹ yẹn dáadáa. Òun gan-an la nílò. A ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà." Lẹ́yìn èyí, ìpè já.

Akọ̀pẹ ni Ìyá gbọ́.

"Abraham ni wọ́n fẹ́," ó sọ fún mi, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Bóyá wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀."

Ó sì tọ́jú rẹ̀. Ó pa adìyẹ, ó gún iyán, ó ń pè é ní ọ̀gá. Ó wá bi í pé kí ló tún fẹ́. Abraham kì í tijú ní tirẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n gé àgàn yẹn, kí n dá ẹmu lára ẹ̀. Kò kúkú wúlò fún yín."

"Máa gé e," Ìyá ní. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pẹ náà ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ akẹ́rù wọn dé, ọmọ ọ̀pẹ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Oyèdèjì awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀. Abraham ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀. Fọláwùmí kí i, ó kọjá lára rẹ̀, ó wọ oko, ó sì dúró gbagidi.

"Màmá, akọ ọ̀pẹ dà?"

"Òun nìyẹn." Ìyá nawọ́ sí Abraham.

"Igi ni mò ń sọ, Màmá. Akọ. Èyí tí ẹyìn rẹ̀ máa ń rà kó tó pọ́n, tí kì í ní èèpo èkùrọ́ nínú."

Ohùn Ìyá wálẹ̀. "Àgàn?"

"Kì í ṣe àgàn, bàbá ni. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ la máa ń dà sórí òdòdó ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, kó tó bí àgíríìkì. Gbogbo akọ tó wà lọ́dọ̀ wa, ìran kan náà ni wọ́n. Àrùn kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn. Èyí ò bá wọn tan rárá. A ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn."

Igi tí à ń bú lójoojúmọ́, bàbá ni, a sì ti fi ṣe àlejò.

A jọ lọ síbẹ̀. Fọláwùmí ń tú àárín imọ̀ tó ti rọ, bóyá òdòdó kan ṣẹ́kù. Gbogbo rẹ̀ ti jẹrà. Abraham, tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé, gbé ife ẹmu wá fi kí i káàbọ̀. Fọláwùmí gbà á, ó wò ó, ó bú sẹ́kún.

"Ṣé ẹ ò lè rí òmíràn?" Ìyá béèrè.

"Rárá, Màmá." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ ẹ gba àwọn ọmọ ọ̀pẹ yìí. A ti gbé wọn dé ná."

Ìyá gbé ọ̀kan, ó dá a padà sínú ọkọ̀. Ó padà wá gbé òmíràn. Nígbà tí Fọláwùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra já a gbà.

"Ẹ kó wọn lọ, ọmọ mi. Mo ti fún Abraham ní tiyín."