Ọjọ́ Kejì Ọjà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ òṣìṣẹ́ di nọ́ńbà. Nílé ìwòsàn wa ní Badagry, ẹni tó bá fi ogójì wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ jẹ́ odindi òṣìṣẹ́ kan. Ẹni tó bá ṣe ogún, ìdajì ni. Mo máa ń ro wákàtí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀, mo máa ń fi ọgọ́jọ pín in, mo sì ń fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá. Mo ń fi ìṣirò mi yangàn, n kò níí purọ́ fún yín.

Èkìtì ni mo ti wá. Ìyàwó àtàwọn ọmọ wà nílé. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá kan létí ọ̀nà márosẹ̀, èmi àti rédíò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi sọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ègùn. "A fọ́n ganji a?" ló fi ń kí mi láàárọ̀, pé ṣé mo jí dáadáa. Bí mo bá fi ahọ́n Èkìtì dá a lóhùn, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ni mo ń pè é.

Màmá ló ń wọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ ṣí ilé ìtọ́jú kékeré tó wà ní abúlé kan. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń lọ sí ọjà Agbálátà, nítorí náà ọjọ́ kejì ọjà ni wọ́n ń ráyè wá. Ohun tó sì ń kọ sínú ìwé nìyẹn: "Ọjọ́ kejì ọjà, wákàtí méjìlá."

Lọ́jọ́ kan ni àwọn ọ̀gá kọ̀wé pé ilé ìtọ́jú tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó ìdajì òṣìṣẹ́, àwọn á tì í pa. Mo ka ọjà kan lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó jẹ́ wákàtí méjìdínláàádọ́ta, kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ní ìṣirò kì í wojú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn náà, wọ́n gbé Màmá lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, mo gbé àpò lọ sí Agbálátà bí mo ṣe lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjà dá páropáro.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjà ọrọọrún ni o," ọlọ́kadà tó gbé mi wá ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́ta á kọjá, ẹ ó tún ná an. Ta ló ń fi ọ̀sẹ̀ ka ọjà?"

Bẹ́ẹ̀ irú ọjà yìí náà ni ìyá mi ń ná nílé. Orí ọ̀kadà níbẹ̀ ni mo ti ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀meje ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ó ju ìdajì lọ.

Mo pe Màmá lórí fóònù. Mo sọ fún un pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ti ilé ìtọ́jú náà kò tọ́.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní ó dáa, ó sì pa fóònù. Kò gbé e mọ́ látìgbà náà. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Nọ́ńbà náà ẹyin ni. Mo kọ̀wé àtúnṣe, wọ́n fèsì pé ó di ìgbà tí a bá tún ń ka òṣìṣẹ́.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo wọkọ̀ kọjá ọ̀sà. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti ga jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ó ní òun ń dúró de Màmá, ọjọ́ kejì ọjà lòní, Màmá kì í yẹ̀ ẹ́.

Mo ní kò níí wá mọ́, kí ó jẹ́ ká jọ wọkọ̀ padà lọ sí ilé ìwòsàn wa. Ó wò mí.

"Ta ló lé e lọ?"

Mo ní èmi ni.