Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Tí A Kò Mọ̀

Mò ń kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Erunmu nígbà tí àyà fún mi pinpin. Ìrora náà gba èjìká òsì lọ sápá. Òógùn tútù bò mí. Mo jókòó títí ó fi rọlẹ̀, mo ní àárẹ̀ ni. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí nígbà náà.

Nígbà tó tún ṣe mí, mo lọ sí ọsibítù n'Ibadan. Àárọ̀ ni mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìrọ̀lẹ́ ló tó kàn mí. Dókítà obìnrin kan fọwọ́ tẹ kókó tó wà ní ìgúnpá mi, ó tún tẹ ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀.

"Ta ló tún ní irú èyí nílé yín, mà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Sìdíkátù. Oko ni wọ́n ṣubú sí, wọ́n sì kú. Wọn ò ṣàìsàn."

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi. Ọ̀rá kì í ṣe ọ̀tá ara. Ọ̀kan wà tí ara ń tò pamọ́ fún agbára. Òmíràn ló ṣe awọ tó bo gbogbo hóró kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa. Ẹ̀kẹta ni kolẹ́sítírọ́ọ̀lù, tí ara fi ń ṣe òróòro tó ń da ọ̀rá oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó máa gbá àṣẹ́kù rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tèmi kò lè gbá a tó; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi, àìsàn ìdílé ni. Ọ̀rá náà ló kó jọ di kókó ara mi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, ó ń dí i.

"Ó jọ pé òun ló pa ẹ̀gbọ́n yín," ni dókítà wí.

Mo sunkún dé ilé. Ìyálé Sìdíkátù la fẹ̀sùn kàn pé àwọn ló fi àjẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí ìdílé ọkọ lé ìyálé náà jáde nílé.

Mo wá ìyálé náà lọ sí Olódò tí wọ́n ń gbé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Mi ò rí ibi sunkún rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ta ni ìbá gbà pé òótọ́ ni ẹkún mi?" Wọ́n nu ojú wọn. "Ṣé o ti mú Ràmótà ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò?"

Mi ò tíì rò ó. Nígbà tí mo mú un lọ, a bá àìsàn náà lára òun náà, ṣùgbọ́n kò tíì dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀.

Àwa méjèèjì ń lo oògùn, a sì ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Àyà ṣì ń fún mi bí mo bá gun òkè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara mi sọ fún mi kó tó pẹ́ jù. Ara ẹ̀gbọ́n mi náà fi kókó sọ ọ́. Àwa ni a kò gbọ́.