Wọ́n Gbá Bọ́ọ̀lù Wọlé Nígbà Tí À Ń Kó Láfún

Góòlù tí wọ́n fi gba ife lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, inú ilé tí kò sí ẹnìkankan tó ń ṣọ́ ọ ni wọ́n gbá a sí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan á ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ti sọ bẹ́ẹ̀. Onílé mi ní Ajíbọ́dẹ náà sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí kò wo bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin rí láyé ẹ̀. Ó ní, "Anti tíṣà, eré ọmọdé lẹ gbé sórí báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo gbé e sórí, mi ò sì tíì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Yunifásítì tí mo lọ, ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ṣe ṣẹlẹ̀ ni kí èèyàn tò ó, kó má bù mọ́ ọn, kó má sì yọ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n tò ó.

Ilé ìwé wa wà ní abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí, tó jẹ́ pé ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu géètì. Èmi kì í ṣe olùkọ́ eré ìdárayá. Baọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ilé ìwé ti jáde, mo bá àwọn ọmọbìnrin kan lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ń fi ọsàn gbá bọ́ọ̀lù. Ọsàn o, èyí tí kò tíì pọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lọ sórí pápá. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín pa wọ́n.

"Anti, pápá àwọn bọ́ìsì mà ni."

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn. Mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin. Kóòṣì la máa ń pè é. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó gbà pé Ọlọ́run dìídì dá pápá náà fún òun ni.

"Anti, ẹ má bínú, pápá kan ò lè gba ẹgbẹ́ méjì."

"Kóòṣì, ẹgbẹ́ kan tó ń lò ó látọjọ́ yìí, kí ló rí mú bọ̀?"

Mo fẹ́ràn àwọn ọmọkùnrin wa, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni: bí wọ́n bá ti jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹrù góòlù ni wọ́n máa ń rù wálé.

Ọ̀gá àgbà ló dá ẹjọ́ náà, ní gbangba, nígbà tí gbogbo ilé ìwé tò sórí ìlà láàárọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin máa lo pápá fún sáà yìí. Bí wọ́n bá gba ife ìdíje àwọn ilé ìwé agbègbè wa, pápá á di ti ẹgbẹ́ méjèèjì títí lọ. Bí wọn ò bá gbà á, kí wọ́n padà sídìí ọsàn wọn. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mò ń rò ó lọ́kàn mi pé ìgbà wo lẹnikẹ́ni sọ fáwọn ọmọkùnrin pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba ife kí wọ́n tó ríbi sáré.

Jẹ́sì ńkọ́? Èyí táwọn ọmọkùnrin ti wọ̀ gbó ni wọ́n kó fún wa, tó ti ya lábíyá. Ti aṣọ́lé wa, ọmọ kúkurú kan tí ara rẹ̀ yá bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́, gùn dé orúnkún bíi jalàbíà. Bó ṣe jáde sórí pápá báyìí, ọmọkùnrin kan pariwo pé, "Lèmọ́mù, ẹ ṣáájú wa o!"

Ọmọ náà ò tiẹ̀ dúró. Ó ní, "Ìwọ ṣáà ṣe àlùwàlá ẹ dáadáa."

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ìlú kékeré kan lápá Lágelú la ti lọ gbá a. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ilé ìwé háyà, àwọn ọmọkùnrin sì ti jókòó kún un kẹ́nikẹ́ni tó rántí pé a wà láyé. A gun ọ̀kadà. Nígbà tá a fi débẹ̀, eruku pupa ti bò wá, eyín wa nìkan ló kù tó funfun. Àwọn ọmọkùnrin gba góòlù tí mi ò ní kà síbí nítorí àwọn òbí wọn. Àwọn ọmọbìnrin lu àwọn onílé mọ́lé. Nígbà tá a fẹ́ padà, balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ gíga kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀pà bíbọ̀ níwájú ilé ìwé, dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ru ẹrù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fáwọn tó wá gbá bọ́ọ̀lù."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀! Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, òun náà sì gun ọ̀kadà wálé. Látọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọkùnrin ti di alátìlẹyìn wa. Ariwo tí wọ́n máa ń pa létí pápá, ká ní bọ́ọ̀lù wọn lágbára tó o ni, à bá máa wá ibi tá a máa kó ife sí.

Nígbà tá a tún lọ gbá òmíràn, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ìdíje náà dá balógun wa dúró nítorí ìborí rẹ̀. Ọmọ mùsùlùmí ni. Ìborí kékeré ló wé mọ́rí pinpin.

"Báwo lo ṣe fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú nǹkan lórí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbá a."

Mo mú òfin ìdíje tí wọ́n fún wa, mo kà á sí ọkùnrin náà létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò síbi tó ti dárúkọ ìborí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù kan fi fò wá láti igun pápá, balógun wa fò pàdé ẹ̀, ó forí kàn án wọlé. Ó sáré kọjá níwájú ọkùnrin náà: "Ẹ má bínú, sà, mo parọ́!"

Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí a fi dé àṣekágbá. Pápá tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, àwọn kan ti gbà á fún ìpàdé ìsìn, làwọn tó ṣètò ìdíje bá ní ká gbá a lórí pápá tiwa. Inú wa dùn. Àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó wá wo pápá náà ṣáájú ọjọ́. Ẹ bá mi fìyẹn sọ́kàn.

Tí wọ́n bá wá ni, wọn ì bá rí àpáta pẹrẹsẹ tó wà létí pápá, tó fẹ̀ bí àgbàlá ilé ńlá. Orí ẹ̀ làwọn ìyá abúlé máa ń sá láfún sí. Kí ẹ̀gẹ́ tó di láfún, wọ́n á hú u, wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á rù ú wá sórí àpáta. Òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, á wá di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní abúlé yìí, bí òjò bá ṣú tí láfún sì wà níta, kò sẹ́ni tí kì í sáré. Ẹni tó ń jẹun á gbé àwo sílẹ̀. Ẹni tó ń jà á fi ọ̀tá ẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ di tapólì tí wọ́n fi ń bo láfún mú. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá kó o tán ni wọ́n tó ń béèrè ẹni tó ni ín. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mò ń kọ́ kíláàsì lọ́wọ́ ni gbogbo wọn ṣàdédé dìde, tí wọ́n gba ojú fèrèsé lọ. Iná ni mo rò pé ó sọ. Mo gbé báàgì mi, mo sá gba ọ̀nà ibòmíràn. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di òní.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, oòrùn mú bí iná. Ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ronú kan òjò. Láfún bo àpáta, ó funfun nini, ti ìyá aṣọ́lé wa wà lára ẹ̀. Àwọn tá a jọ fẹ́ gbá a wá láti ìgboro, bàtà wọn bára mu, omi tútù wà nínú kúlà wọn, wọ́n sì ti ta kánópì fún àwọn àlejò wọn.

Eré náà le. Ìyá kan dúró lẹ́yìn mi tó ń pariwo, "Gbá a! Gbá ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Mo ní, "Ìyá, wọn kì í gbá ẹsẹ̀ èèyàn."

"Kí wá lẹsẹ̀ ẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

Ó kù díẹ̀ kí eré parí, kò tíì sẹ́ni tó gbá ọ̀kankan wọlé. Afẹ́fẹ́ kan ṣàdédé jà, ojú ọ̀run dúdú, ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí mi níwájú orí. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti orí àpáta.

"Òjò o! Láfún o!"

Mi ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo sáà náà. Aṣọ́lé wa ló kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀, jalàbíà ẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Balógun tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ wa tú yááyáá. Kóòṣì sáré. Àwọn ọmọkùnrin sáré. Ọkùnrin tó ń gbé àsíá létí pápá, ẹni tó yẹ kó máa bá rẹfirí ṣọ́ bọ́ọ̀lù, ọmọ abúlé tó múlé gbè wá ni. Ó fi àsíá gún ilẹ̀, ó lọ di etí tapólì mú. Èmi alára ti ń fi ọwọ́ méjèèjì kó láfún sínú agbọ̀n kí n tó rántí pé ife wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, rẹfirí ti wà lábẹ́ agbòòrùn kan tí wọ́n ṣí fún un lẹ́bàá kánópì. Kò fun fèrè pé ká dúró, kò sì fun fèrè pé ká máa bá a lọ. Bọ́ọ̀lù wà láàárín pápá, ọmọbìnrin ìgboro kan dúró tì í. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ilé wa tó ṣófo.

Ó pe kóòṣì wọn. "Sà, ṣé kí n gbá a?"

"Gbá a wọlé jàre!"

Ó rọra gbá a, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé onílé. Fèrè dún lábẹ́ agbòòrùn: góòlù. Òjò wá ya dà. Fèrè tún dún: eré ti parí.

Ọmọ tó gbá a ọ̀hún ò yọ̀ o. Ó sáré wá bá wa nínú òjò, ó di igun tapólì kan mú. "Ẹ má bínú, Anti, kóòṣì wa ló ní kí n gbá a."

Aṣọ́lé wa gbé agbọ̀n lé e lọ́wọ́. "Gbé ìyẹn ná. Tó o bá dà á nù, góòlù kejì nìyẹn."

Òjò ò rí láfún pa. Ìyá balógun wa gbé ẹ̀pà bíbọ̀ ẹ̀ wọ kíláàsì tá a sá sí, ẹgbẹ́ méjèèjì sì jọ ń bó o jẹ, wọ́n ń sín ara wọn jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan lojú mi le. Balógun wá jókòó tì mí.

"Anti, tó bá tún ṣú lọ́la, a máa tún sáré."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ife ni ìyá aṣọ́lé wa máa wá rò jẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Àmọ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà ní àdéhùn ni àdéhùn, kí wọ́n dá pápá padà. Bí Kóòṣì bá ti yíjú, àwọn ọmọkùnrin máa ń pe àwọn ọmọbìnrin wá gbá a; Kóòṣì náà sì ti ń yíjú gan-an báyìí. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn ń jí ṣe kì í ṣe ẹ̀tọ́. Mo tọ àwọn tó ṣètò ìdíje lọ. Wọ́n ní ẹni tó fi ilé sílẹ̀ ló fi góòlù tọrẹ, pé alásìíá fúnra ẹ̀ jẹ́rìí sí i pé góòlù náà mọ́. Mo lọ bi alásìíá. Ó ní, "Anti, láfún ni mò ń wò o. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí pápá."

Nítorí náà, mò ń béèrè. Rẹfirí, ṣé eré ń lọ àbí kò lọ nígbà tẹ́ ẹ wà lábẹ́ agbòòrùn? Bó bá ń lọ, kí lẹ̀yin ń ṣe níbẹ̀? Bí kò bá lọ, góòlù wo lẹ fun fèrè sí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò ìdíje, ta ló rán yín sí abúlé tẹ́ ẹ ò wá wò, ta ló sì jẹ́rìí fún yín nígbà tí ẹlẹ́rìí yín ní òun ò rí nǹkan kan? Ọ̀gá àgbà wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jọ̀wọ́: ife wo làwọn ọmọkùnrin gbà kí pápá tó di tiwọn? Balógun àti aṣọ́lé wa ń parí ìwé wọn lọ́dún yìí. Wọn ò ní sáà mìíràn. Kí ẹni tọ́rọ̀ kàn dá mi lóhùn, kó sì dá ọjọ́ tá a máa tún bọ́ọ̀lù náà gbá.